Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pa ìwé ìròyìn géèmù ọlọ́dún 33, làwọn òǹkàwé bá fárígá!

Bẹ́ ẹ bá rí géńdé ọkùnrin tó ti níyàwó, tó ti bímọ, tó jókòó ti òkìtì ìwé àtijọ́ nínú yàrá, tójú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bíi tẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún, ẹ má tíì sọ pé orí ẹ̀ ti yí o. Ó lè jẹ́ pé ìwé ìròyìn tó ti ń kà láti kékeré ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn ololùfẹ́ géèmù nílẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Lọ́jọ́ náà ni iléeṣẹ́ GameStop, tó ń ta géèmù káàkiri Amẹ́ríkà, kéde pé ó ti parí fún ìwé ìròyìn Game Informer. Ìwé ìròyìn yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1991 ló bẹ̀rẹ̀ nílùú Minneapolis, ìwé pélébé táwọn ṣọ́ọ̀bù FuncoLand ń fún oníbàárà wọn ni nígbà náà. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ GameStop, ó sì gbajúmọ̀ débi pé ní nnkan bí ọdún 2012, ẹ̀dà tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan ju mílíọ̀nù 7 lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé ẹni tó bá ti sanwó káàdì oníbàárà pàtàkì ní GameStop, owó ìwé ìròyìn ti wà nínú ẹ̀, wọ́n á máa fi ránṣẹ́ sílé fún un.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé tẹ́nì kan bá kú, ohun táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, irú ikú wo ló pa á? Ohun tó ká àwọn òǹkàwé lára jù nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ Game Informer ṣì ń ṣe ìwé tó kàn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè wọ́n sípàdé, tí wọ́n sì sọ fún wọn pé kò síṣẹ́ mọ́. Kí ayé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti pòórá. Ìròyìn ni o, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni o, àyẹ̀wò géèmù tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọdún gbọọrọ ni o, ibi yòówù kéèyàn tẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdágbére ṣókí kan náà ni yóò máa rí.

Ni ariwo bá ta. Àwọn kan ń bú GameStop, wọ́n ní tèèyàn bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú un sí i, àmọ́ èwo ni ti pípa gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn rẹ́? Àwọn mìíràn lọ tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí àjà wò, wọ́n ya fọ́tò ìwé tí wọ́n ti tọ́jú láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi han ara wọn. Àwọn akọ̀ròyìn kan sì ń sọ pé ìwé ìròyìn yìí ló jẹ́ káwọn gbọ́ pé èèyàn lè máa kọ̀wé nípa géèmù kó fi jẹun.

Ṣùgbọ́n ohùn kan wà láàárín ariwo yẹn tí kò dùn ún gbọ́ létí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dárò ló jẹ́wọ́ fúnra wọn pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá táwọn ti ra ìwé ìròyìn géèmù gbẹ̀yìn. Ẹ wá wò ó o! Ṣé olówó ló pa ìwé ìròyìn yìí ni, àbí àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ tí wọn ò nawó lé e mọ́?

NÍGBÀ TÍ ÌWÉ WÀ LÓRÍ OYÈ

Ẹni tí kò bá mọ bí nnkan ṣe rí nígbà kan lè máa rò pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kékeré pariwo. Ọdún 1981 ni Computer and Video Games bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún yẹn náà ni Electronic Games jáde l'Amẹ́ríkà. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nílé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọmọ tó bá ń ta géèmù, tí ọ̀nà sì dí mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa bi. Bàbá ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, tíṣà ò mọ̀ ọ́n. Inú ìwé ìròyìn nìkan ni àwòrán ọ̀nà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ilẹ̀kùn téèyàn máa gbà àti bọ́tìnnì téèyàn máa tẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 1988, iléeṣẹ́ Nintendo gbé tiwọn jáde, wọ́n pè é ní Nintendo Power. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa pe ọbẹ̀ ara ẹ̀ ní kíkan, ọjà wọn ni wọ́n ń polówó níbẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀, síbẹ̀ wọ́n nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, tórí àṣírí tó wà níbẹ̀ kò sí níbòmíràn. Nígbà tí PlayStation náà dé, àwọn ìwé ìròyìn tiẹ̀ máa ń fi síídì sínú ìwé, káwọn òǹkàwé lè tọ́ géèmù wò díẹ̀ kí wọ́n tó fowó rà á.

Kẹ́ ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn wọ̀nyí ṣe ń rinlẹ̀ tó, ẹ gbọ́ èyí. Lóṣù kẹrin ọdún 1992, Electronic Gaming Monthly, tí wọ́n ń pè ní EGM, kọ ọ́ pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Sheng Long fara pamọ́ sínú géèmù ìjà Street Fighter II. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí i, Ryu ni kó mú, kó má sì jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ kankan ba òun títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá pátápátá. Áà! Àwọn ọmọ ò sùn mọ́. Owó wọlé fáwọn tó ni ẹ̀rọ géèmù. Wọ́n ta á, ta á, ọwọ́ bó, Sheng Long ò yọjú. Nígbà tó yá ni EGM jẹ́wọ́ pé àwọn fi "April Fool" ṣeré ni. Irọ́ ni, àmọ́ àwọn tó jẹ irọ́ yẹn ṣì ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ títí dòní.

OHUN TÓ PA WỌ́N

Àìsàn tó ń ṣe wọ́n ò ṣòro láti mọ̀. Ìwé olóṣooṣù ni wọ́n. Kí wọ́n tó kọ ọ́, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó tó débi tí wọ́n ti ń tà á, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ti lọ. Lọ́dún 1995, GameFAQs bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kó àṣírí géèmù jọ fáwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 1996, IGN àti GameSpot dé, ìròyìn àárọ̀ ò ní í dalẹ́ kí wọ́n tó gbé e. YouTube tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2005, èèyàn wá lè jókòó wo bí ẹlòmíràn ṣe ń ta géèmù látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Síídì inú ìwé ò wúlò mọ́, tórí pé géèmù àtọ́wò ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó sì di ọdún 2011, Nintendo bẹ̀rẹ̀ ètò Nintendo Direct, wọ́n ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ fúnra wọn láìgba ọ̀dọ̀ akọ̀ròyìn kankan kọjá. Ibi táwọn òǹkàwé bá lọ náà ni owó ìpolówó ọjà ń bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀, owó ìpolówó ni ẹ̀mí ìwé ìròyìn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. EGM kọ́kọ́ lọ lóṣù kìíní ọdún 2009. Wọ́n ta ìkànnì 1UP tí wọ́n jọ wà lábẹ́ iléeṣẹ́ kan, wọ́n sì dá ìwé dúró. Steve Harris tó dá a sílẹ̀ tún gbé e dìde lọ́dún 2010, àmọ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. GamePro lọ lọ́dún 2011. Nintendo Power ṣe ìdágbére lóṣù kejìlá ọdún 2012. Àwòrán Mario tí wọ́n fi amọ̀ mọ, irú èyí tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ lọ́dún 1988, ni wọ́n tún fi sójú ìwé ìkẹyìn, ó sì wọ àwọn òǹkàwé lákínyẹmí ara. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GamesMaster àti gamesTM jọ lọ lọ́dún 2018, Play náà sì tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2024.

ÀWỌN ÒǸKÀWÉ Ò GBÀ

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló káwọ́ gbera. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ ẹ̀ ní í rọ́pò ẹ̀. Nintendo Power ò tíì lo oṣù méjì lábẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ololùfẹ́ ẹ̀ kan, tí Lucas M. Thomas ṣáájú wọn, fi gbé Nintendo Force jáde lóṣù kìíní ọdún 2013. Wọn ò ní iléeṣẹ́ ńlá lẹ́yìn. Iye ẹ̀dà tí àwọn èèyàn bá sanwó ẹ̀ náà ni wọ́n ń tẹ̀. Àwọn yẹn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi, wọ́n kàn mú iṣẹ́ ṣe ni.

Àwọn mìíràn ń ya àwòrán ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, kó má bàa sọnù. Ibẹ̀ nìjà ti dé. Lọ́dún 2016, àwọn ìwé Nintendo Power ti ọ̀pọ̀ ọdún bọ́ sórí Internet Archive. Inú àwọn èèyàn ń dùn, kò pẹ́ ni Nintendo ní kí wọ́n kó o kúrò, nítorí òun ló ni ín. Òfin wà lẹ́yìn wọn lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé ń bèèrè pé, ẹ̀yin ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ ò tà á mọ́, ibo lẹ ní ká ti lọ kà á?

Ẹni tó wá gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè yẹn ni Frank Cifaldi, tó dá ẹgbẹ́ Video Game History Foundation sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California lọ́dún 2017. Lóṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n ṣí ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀dà ìwé ìròyìn géèmù tó lé ní 1,500. Téèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, yóò rí gbogbo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ṣé ẹ sì mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n rà á nígbà náà, tí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ náà ni.

Game Informer fúnra ẹ̀ tún jí dìde. Lóṣù kẹta ọdún 2025, iléeṣẹ́ Gunzilla Games rà á lọ́wọ́ GameStop, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró padà sẹ́nu iṣẹ́, ìkànnì tó ti pòórá náà sì padà wá. Inú àwọn òǹkàwé dùn bíi pé wọ́n rí ọmọ tó sọnù he.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa, kí Gunzilla tó dé ńkọ́? Fún odindi oṣù méje, ẹni tó bá fẹ́ ka ohun tí Game Informer kọ, tí kò ní ìwé ẹ̀ nílé, àfi kó máa wá a kiri níbi tí wọ́n ń kó ìkànnì àtijọ́ pamọ́ sí. Ẹni tó ní ìwé nílé kàn nawọ́ mú un ni. Íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó pa ìwé, ẹnì kan ṣoṣo ló pa iná ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó parí. Mílíọ̀nù ìwé tó ti wọ ilé onílé, ta ló fẹ́ lọ gbà á padà?

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Gbogbo ẹni tó ń dárò ló fẹ́ràn Game Informer lẹ́nu, àwọn tó ra ìwé ni ìfẹ́ tiwọn ṣẹ́kù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò yọ àwa tibí sílẹ̀ o, níbi tó jẹ́ pé alákàrà ni ìwé ìròyìn àná máa ń bá lọ, táwọn kan sì máa ń dúró ti fẹ́ńdọ̀ ka odindi ìwé tán láì mú kọ́bọ̀ jáde. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn nínú èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà, ẹ máa rà á. Tẹ́ ẹ bá sì rà á tán, ẹ má tètè gbé e fún alákàrà.