Bí Mo Ṣe Rán Ibùsùn Àsorọ̀

Ẹni tí kò ṣubú rí kò mọ bí ilẹ̀ ti le tó. Èmi olùkọ́ yìí ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ iléèwé wa ń múra àtilọ pàgọ́ sínú igbó, mo ní kí n rán ibùsùn aṣọ tí a ń so mọ́ igi méjì. N kò rán aṣọ rí. Mo ra yáàdì 4, mo ṣẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, mo rán wọn ní ìlà kan ṣoṣo, mo ki okùn bọ̀ ọ́. Ọmọ kan fẹ́ gùn ún; mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò. Bí mo ti jókòó, fàà! Mo bá ara mi nílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi já. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?

Aṣọ kọ́ ló já, òwú ni. Nítorí náà, ẹ ra aṣọ tó nípọn. Ẹ ṣẹ́ orí rẹ̀ ní ìṣẹ́po méjì, kí ẹ sì fi òwú tó yi rán an ní ìlà 3. Ẹ má ṣe so ó le bí awọ ìlù, nítorí bí okùn bá ti le tó ni ẹrù òwú ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Kí ó má ga ju orúnkún lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé àpò yanrìn tó wúwo jù yín lọ sínú rẹ̀.

Èyí tí mo rán lẹ́ẹ̀kejì ni mo sùn lé ní àgọ́. Kí ọmọ ọlọ́mọ tó gùn ún, kí ẹni tó rán an kọ́kọ́ gùn ún.