Fífọ Rédíétọ̀ àti Ìtọ́jú Omi Inú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Àtijọ́

Ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin, pàápàá láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì ṣì wà lára àwọn tí ń kó iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kajú wa lọ sí ọjà. Òmíràn nínú wọn, irú bí Mercedes 911 tí tọmọdé tàgbà mọ̀, dàgbà ju awakọ̀ tí ń wà á lọ. Ẹ́ńjìnnì wọn lágbára, ṣùgbọ́n ooru àpọ̀jù a máa tètè pa á. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dákú sójú ọ̀nà, ẹrù lè bàjẹ́, owó ńlá lè bá a lọ, ọkọ̀ mìíràn sì lè wá kọlù ú lóru. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ìtọ́jú yìí fún gbogbo onímọ́tò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú.

Bí omi ṣe ń tu ẹ́ńjìnnì lára

Nígbà tí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, apá kan agbára rẹ̀ ni ó ń ti ọkọ̀ síwájú; èyí tí ó pọ̀ nínú ìyókù di ooru. Omi ni ó ń gba ooru yìí lára irin. Wọ́tà pọ́ńpù ń tì í yípo, afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà sì ń tù ú nínú rédíétọ̀ kí ó tó padà. Ìlẹ̀kùn kékeré tí à ń pè ní tẹ́mósítáàtì ni ó ń ṣọ́nà: pípadé ni ó máa ń wà títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí. Ìdérí rédíétọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń ki omi mọ́lẹ̀ kí ó má baà hó ní ìwọ̀n 100.

Ohun tí ń ba ètò yìí jẹ́

Omi kànga tí ó mọ́ lójú lè ní èròjà inú ilẹ̀ nínú. Ẹ wo inú kẹ́tùlù tí a ti fi irú omi bẹ́ẹ̀ sè fún ìgbà pípẹ́: èépá funfun a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Irú èépá bẹ́ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà irin a sì dà pọ̀ mọ́ ọn, wọn a di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ń dí àwọn ihò tín-ín-rín inú rédíétọ̀. Kúláǹtì ní oògùn tí ń dènà ìpẹtà. Omi lásán kò ní i.

Àṣà kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, àwọn kan a yọ tẹ́mósítáàtì dànù. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí kò gbóná tó kì í jó epo tán dáadáa: yóò máa rú èéfín, yóò máa jẹ epo, yóò sì máa tètè gbó. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, yíyọ ọ́ a jẹ́ kí omi máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láìdé inú rédíétọ̀, ooru a sì pọ̀ sí i. Ẹ fi tẹ́mósítáàtì náà sínú ìkòkò omi lórí iná. Bí ó bá ṣí kí omi tó hó, ó ṣì dára. Bí kò bá ṣí, ẹ ra tuntun.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Èkínní, òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ni kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀.

Èkejì, ẹ gbé ọpọ́n sábẹ́, kí ẹ sì tú ẹnu ìdaminù rédíétọ̀ àti ti ara ẹ́ńjìnnì, kí omi àtijọ́ lè jáde tán.

Ẹ̀kẹta, ẹ dé wọn padà, ẹ bu omi mímọ́ kún un, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì títí hóòsì òkè yóò fi gbóná. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tún da omi náà. Ẹ tún un ṣe títí omi tí ń jáde yóò fi mọ́ gaara. Bí ìpẹtà bá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi oògùn ìfọ-rédíétọ̀ ṣe é bí a ti kọ ọ́ sára ike rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yẹ hóòsì, bẹ́líìtì fáànù àti ìdérí wò. Ẹ pààrọ̀ èyí tí ó bá ti sán tàbí tí ó ti rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ po kúláǹtì àti omi tí kò ní èròjà ilẹ̀ nínú ní ìlàjì sí ìlàjì, irú omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì. Kì í ṣe ásíìdì rẹ̀ o. Ẹ rọra bu ú, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀. Ẹ tún wò ó ní ọjọ́ kejì. Kúláǹtì gbogbo-gbòò yẹ ní pípààrọ̀ ní ọdún méjì-méjì.

Kúláǹtì àlòkù ní májèlé, adùn rẹ̀ sì lè tan ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn jẹ. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sí ìtòsí kànga. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dé e pa, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o.

Bí ooru bá mú ọkọ̀ lójú ọ̀nà

Ẹ kúrò lójú títì pátápátá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná láéláé. Omi tí a kì mọ́lẹ̀ náà yóò tú jáde pẹ̀lú ooru, yóò sì bó ènìyàn lójú. Ẹ má bu omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítorí irin rẹ̀ lè sán. Bí omi bá jó ènìyàn, ẹ máa da omi tútù sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má fi epo pupa tàbí ẹyin pa á, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Bí omi bá ń dínkù tí ẹ kò rí ibi tí ó ti ń jò, tàbí tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì funfun bí ẹ̀kọ mímu, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Ẹ má wà á mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Àìtètè mólè, olè a mólóko. Owó kúláǹtì àti òwúrọ̀ ọjọ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì tuntun, kò sì ṣeé fi wé ẹ̀mí ènìyàn. A rọ ẹ̀yin onímọ́tò, awakọ̀ àti mẹkáníìkì ní Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti gbogbo ìpínlẹ̀ wa láti ṣe iṣẹ́ yìí kí ọyẹ́ tó dé.