Láàbù Tí Ń Dúró De WAEC

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kó lọ wo ilẹ̀kùn láàbù ilé-ìwé girama tó wà ládùúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí i, tí àwọn ọmọ SS3 ń nu eruku ara búrẹ́ẹ̀tì, tí olùkọ́ kẹ́mísírì ń sáré kiri nítorí ásíìdì, ó ti sún mọ́lé nìyẹn. Láti oṣù kẹsàn-án tí wọ́n ti wọlé, ọ́fíìsì pírínsípà ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà, níbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Nínú ìwé, pirátíkà àti ẹ̀kọ́ ojú pátákó jọ ń rìn láti SS1 ni. Àmọ́ ọdún ẹ̀kọ́ kì í gùn tó bí wọ́n ṣe ń kà á. Sáà kìíní nìkan ni ọwọ́ olùkọ́ máa ń dilẹ̀ díẹ̀. Bó bá di sáà kejì, eré ìdárayá ilé-sí-ilé á gba ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, mock á gba tirẹ̀, JAMB á sì ti gbé ọkàn àwọn ọmọ lọ. Ọmọ SS3 kò ní sáà kẹta kankan tó ju ìdánwò lọ. Nínú ìṣẹ́jú 40, ta ni yóò to tábìlì, tí yóò pín ọmọ 60 sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí agogo kò ní lù mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù ni nọ́ńbà tíṣà. Nínú pirátíkà kẹ́mísírì, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń po kẹ́míkà tirẹ̀, agbára wọn kì í sì í dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi máa ń ṣe títírésọ̀n náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè fi iye tó rí díwọ̀n ti àwọn ọmọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ wá wo ohun tó bí. Ọmọ dúró síwájú búrẹ́ẹ̀tì, ásíìdì ń kán tó, tó, sínú fúláàsìkì, omi aláwọ̀ ìyeyè ń retí ẹ̀kán kan ṣoṣo tí yóò sọ ọ́ di pupa. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá omi inú búrẹ́ẹ̀tì dọ́gba, kó ka ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ kòtò, kó sì tún un ṣe títí iye méjì yóò fi sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà: èló ni tíṣà rí? Bó bá ti gbọ́ 24.50, ohun yòówù kí búrẹ́ẹ̀tì wí, 24.50 ni yóò kọ, tàbí 24.40 bó bá gbọ́n díẹ̀.

Ti báyọ́lọ́jì tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Ìwé ìtọ́ni máa ń dé ṣáájú kí ilé-ìwé lè wá àwọn ohun tí wọ́n máa lò. Bí olùkọ́ bá ti ránni lọ ra ẹja, tó ní kí wọ́n wá ọ̀pọ̀lọ́ bọ̀, gbogbo kíláàsì ti mọ ohun tí wọn yóò yà.

Àwọn kan wá ń bèèrè pé kí ló dé tí a kò fi fún gbogbo ọmọ ní ìwé ìdánwò tó rọ́pò pirátíkà, irú èyí tí àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ ń ṣe. Ó kéré tán, irọ́ á dín kù. Àwọn tó kọ̀ ní bí ẹ bá mú pirátíkà kúrò, pírínsípà wo ni yóò tún ra ásíìdì? Èmi náà wà lẹ́yìn wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni kó jẹ́ ìdánwò wákàtí 2 péré ló ń ti láàbù ṣí. Àbá kẹta, pé kí wọ́n pín máàkì pirátíkà sí ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò wọ̀ mí létí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń ṣe C.A., a sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: báírò kan, ìrọ̀lẹ́ kan, máàkì odindi sáà.

Ìṣirò kò ní láàbù, ìyẹn ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀ kò fi hàn síta. Ìbéèrè 13 ló wà nínú ìwé kejì: 5 àkọ́kọ́ di dandan, ọmọ á wá mú 5 nínú 8 tó kù. Àwọn tíṣà lésìnnì ti sọ 8 yẹn di òwò: ẹ ka èyí, ẹ fo ìyẹn. Lọngitiúùdù àti látitiúùdù ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fò.

Ní báyìí, owó pirátíkà ti ní ìlà tirẹ̀ nínú bíìlì SS3 ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Òbí á kùn, á san án. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n bèèrè ní ìpàdé P.T.A. pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ àwọn wọ láàbù nígbà tó wà ní SS1.