Nígbà Tí Iná Bíréèkì Bá Kọ̀ Tí Kò Tàn

Awakọ̀ kì í rí iná ẹ̀yìn mọ́tò ara rẹ̀. Ó lè máa ná Ìdèrè sí Igbó-Ọrà fún odindi oṣù kan láìsí iná bíréèkì, kó má sì mọ̀. Mọ́tò tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ ilẹ̀ tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ewúrẹ́ bá já sójú títì, tí ẹni iwájú tẹ bíréèkì tí iná kò sì tàn, mítà 22 yẹn lè jẹ́ gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù fún ọlọ́kadà tó gbé ìyálọ́mọ bọ̀ lẹ́yìn.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ fi ẹ̀yìn mọ́tò kọ ògiri kí ẹ tẹ bíréèkì. Bí iná bá pé, ògiri á pọ́n lọ́tùn-ún lósì.

Bí kò bá pé, ọ̀nà tí iná ń gbà ni ká tọ̀. Láti bátìrì, ó ń gba inú fíúsì, ó ń dé súwíìṣì kékeré tó wà lókè irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ó ń bá wáyà lọ sẹ́yìn, ó ń wọ gílóòbù, lẹ́yìn náà ó ń gba ara irin mọ́tò padà sí bátìrì. Ìpadà yìí ni àwọn rewáyà ń pè ní áàtì.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni kò tàn, gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Okùn tínínrín méjì ló máa ń wà nínú irú èyí tó wọ́pọ̀: wáàtì 5 fún iná alẹ́, wáàtì 21 fún bíréèkì. Ọ̀kan lè já kí èkejì wà láàyè, nítorí náà iná alẹ́ tó ń tàn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ wo okùn náà. Bí tuntun náà kò bá tàn, ẹ wo ilé gílóòbù. Eruku pupa ọ̀nà oko àti omi òjò máa ń mú un dípẹtà. Ẹ fi sáńpépà tínínrín ha á.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ì tíì ra gílóòbù, torí ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo gílóòbù jó lọ́jọ́ kan. Ẹ lọ sí ibi fíúsì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, STOP ni wọ́n kọ sí i. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá tún jó, wáyà kan ti bó, ó ń kan irin, pàápàá níbi tí ìdérí búùtù ti ń ṣẹ́ wáyà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi wáyà lásán dí ojú fíúsì. Fíúsì ń jó kí mọ́tò má baà jó ni.

Bí fíúsì bá dára, ó ku súwíìṣì. Bí jíà ọtomátíìkì bá ń kọ̀ láti kúrò ní P, ẹ̀rí ńlá nìyẹn, nítorí súwíìṣì yìí kan náà ló máa ń sọ fún jíà pé ẹsẹ̀ ti wà lórí bíréèkì.

Nígbà míì, kì í ṣe pé iná kò tàn, ṣe ni kì í kú rárá. Rọ́bà kékeré tó ń ti ẹnu súwíìṣì náà ti gbó, ó ti fọ́. Ẹ ó rí èérún rẹ̀ nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sùn lé e, bátìrì á ti kú kílẹ̀ tó mọ́. Rọ́bà tuntun ti tó, kò dé orí súwíìṣì.

Èyí tó ń dàmú èèyàn jù ni áàtì. Ẹ tẹ bíréèkì, iná alẹ́ tàbí íńdíkétọ̀ ń ṣẹ́jú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́: iná kò rọ́nà padà, ó ń gba ọ̀nà ẹlòmíì. Ẹ tú bóòtù tó so wáyà dúdú mọ́ irin nítòsí iná náà, ẹ ha ìpẹtà rẹ̀, ẹ dè é padà dáadáa.

Ní ti ọ̀kadà tó ń kó pákí láti Àyétẹ̀, súwíìṣì méjì ló ní, ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Sípíríìnì ló ń fa ti ẹsẹ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń mú un há. Ẹ yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí iná á fi máa tàn kí bíréèkì tó mú. Ẹ tẹ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lè bo èyí tó ti kú mọ́lẹ̀.