Ínhélà Búlúù Nìkan Kò Tó

Ínhélà méjì ló wà nínú báàgì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Hotoro, nílùú Kano. Ọwọ́ ti pa gbogbo lẹ́tà ara èyí búlúù rẹ́. Èyí búráùn ṣì wà nínú páálí rẹ̀, eruku ti bo páálí ọ̀hún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Èyí ò ṣiṣẹ́ o jàre," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fà á, n ò rí nǹkan kan. Búlúù yìí ni mo mọ̀."

Ohun tí ara wọn sọ fún wọn ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó léwu ni, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ikọ́ fée.

Nǹkan méjì ni ikọ́ fée ń fi ojú ọ̀nà èémí rí. Iṣan tó yí i ká á fún un pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi okùn fún ẹnu àpò. Inú ọ̀nà náà á sì tún wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí i. Salbutamol, oògùn inú ínhélà búlúù, iṣan yẹn nìkan ló ń tú. Ìṣẹ́jú díẹ̀, àyà á fúyẹ́. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, agbára rẹ̀ á ti tán. Wíwú inú lọ́hùn-ún kò lọ síbì kankan.

Ínhélà búráùn ló ń bá wíwú yẹn jà. Beclometasone ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, nígbà míì budesonide. Ojoojúmọ́ là ń fà á, ara yá o, ara ò yá o, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ká tó rí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀gbọ́n mi kéré jù. Bí a bá fà á tán, ká fi omi yọ ẹnu ká tu ú dànù, kí funfun má baà hù sórí ahọ́n.

Àwọn kan wà tó jẹ́ oògùn méjì nínú ẹyọ kan, bíi Seretide tó ní àwọ̀ elésè àlùkò, àti Symbicort. Formoterol inú Symbicort máa ń tètè tú àyà, nígbà tí budesonide ń tọ́jú wíwú. Láti 2019 ni GINA, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà káàkiri ayé lórí ikọ́ fée, ti sọ pé kí àgbàlagbà kankan má ṣe fi búlúù nìkan tọ́jú ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá lo agolo búlúù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, ewu pé ikọ́ náà á kọlù ú pọ̀ sí i. Tó bá di méjìlá, ewu ikú ló ń pọ̀ sí i. Agolo kan sì máa ń ní ìfọ́n 200. Ẹ má gbójú lé àwọ̀ nìkan o, nítorí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Orúkọ oògùn ni kẹ́ ẹ kà.

Fífà wọn náà yàtọ̀ síra. Irú kan ni alágolo. Ọmọbìnrin ọdún 13 kan ní Amẹ́ríkà ló bi bàbá rẹ̀, George Maison, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Riker, ní 1955 pé kí ló dé tí oògùn ikọ́ fée òun ò lè máa tú jáde bíi lọ́fínńdà. Nígbà tó di 1956, ínhélà alágolo ti jáde. Èyí la máa ń mì. A ó mí síta, a ó fi ètè dì í mú, a ó tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sínú díẹ̀díẹ̀, a ó sì sé èémí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Irú kejì kò ní afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde; oògùn inú rẹ̀ kúnná bí àgúnmu, èémí wa ló ń fà á. Ìyẹn fẹ́ ká fà á kíákíá pẹ̀lú agbára. Ẹ má mí síta sínú rẹ̀, torí ọ̀rinrin á mú kó dì.

Ní Hotoro, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti ilẹ̀ Chad, èéfín tírélà epo àti ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní a daidaita sahu á tún dà pọ̀ mọ́ ọn. Tí ọyẹ́ bá lọ, ooru á kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ínhélà kò gbọdọ̀ kọjá 30. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ má sì sọ agolo sínú omi láti mọ̀ bóyá ó ti tán, irọ́ ló máa pa fún yín.

Owó ni ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ báyìí. Nígbà tí GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin búlúù àti Seretide, kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà, iye wọn fò sókè kọjá ìlọ́po méjì. Mi ò lè bá ẹni tó ń ra búlúù nìkan wí, torí òun ló rọjú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí oògùn tí a bá rí rà ò fi ní ṣòfò sí ọ̀nà ọ̀fun. Ní 1999, Heather Zar, dókítà àwọn ọmọdé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn pé ike omi 500ml tí wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀, tó bá ẹnu ínhélà alágolo mu gẹ́lẹ́, ń ṣiṣẹ́ fún ọmọdé bíi ike tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹnu ínhélà, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Ọmọ á gbé ẹnu lé ẹnu ike, á máa mí, ìyá á tẹ ínhélà ní ìdí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí nítorí èémí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń di dúdú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé búlúù nìkan ló wà nínú báàgì yín, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ bi í pé èwo ló ń tọ́jú wíwú.