Eérú Tí Ó Di Oko: Ọtí Wáìnì Funfun ti Erékùṣù Lanzarote

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ọtí wáìnì funfun kan tí wọ́n ń ṣe ní Lanzarote, ọ̀kan nínú àwọn Erékùṣù Kánárì tí ó wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì. A kò kọ ọ́ láti rọ ẹnikẹ́ni pé kí ó mu ọtí. Olúkúlùkù ni ó mọ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ àti ara rẹ̀ gbà. Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ ni pé iná kò lè pa iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó dàbí ẹni pé ìrọ̀rùn lè pa á.

Àwọn erékùṣù wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Èkó àtijọ́. Ní ayé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń lọ sí Ìlú Òyìnbó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń ná Èkó sí Liverpool ni ó máa ń yà ní Las Palmas. Las Palmas wà ní erékùṣù Gran Canaria. Lanzarote wà ní apá àríwá òun ìlà-oòrùn rẹ̀, kò sì jìnnà sí etí òkun ilẹ̀ Áfíríkà ju nǹkan bí máìlì 80 lọ. Òjò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Òkè ibẹ̀ kò ga tó láti dá ìkùukùu dúró, odò kò sí, òjò ọdún kan gbáko kò sì ju nǹkan bí íǹṣì 6 lọ, nígbà tí Èkó ń rí tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń gbin àlìkámà àti ọkà báálì, wọ́n sì ń jẹun.

Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù September, ọdún 1730, ilẹ̀ ya ní tòsí abúlé Timanfaya, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde láti inú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan tàbí oṣù kan: títí di ọdún 1736 ni ilẹ̀ náà ń pọ iná, eérú àti òkúta yíyọ́. Àlùfáà ìjọ Yaiza, Andrés Lorenzo Curbelo, kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Abúlé púpọ̀ ni ó pa rẹ́. Òkúta yíyọ́ bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin erékùṣù náà, oko tí ó dára sì wà nínú ohun tí ó bò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ẹrù wọn, wọ́n sá lọ sí erékùṣù mìíràn.

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àwọn tí ó kù ní Lanzarote ṣàkíyèsí pé níbi tí ó jẹ́ eérú dúdú oníhóró ni ó bo ilẹ̀, tí kì í ṣe òkúta yíyọ́, ohun ọ̀gbìn ń ṣe dáradára. Ìdí rẹ̀ ni pé hóró eérú náà ní ihò wẹ́wẹ́ bí ti inú búrẹ́dì. A máa gba ìrì òru àti ìwọ̀nba òjò náà, a sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà a di ìdérí tí kì í jẹ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbà á padà.

Ṣùgbọ́n àjàrà kò lè jẹ eérú lásán. Gbòǹgbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀ àtijọ́. Àgbẹ̀ tiwa a máa kọ ebè sókè fún iṣu. Àgbẹ̀ La Geria, níbi tí oko wọ̀nyí pọ̀ sí, a máa gbẹ́ kòtò sísàlẹ̀ fún àjàrà. Kòtò náà rí roboto, òmíràn jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, igi àjàrà kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà ń gbìn sí ìdí rẹ̀. Ní etí kòtò, ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, wọ́n a to òkúta bí ìlàjì òṣùpá láìfi amọ̀ lẹ̀ ẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ kì í sinmi níbẹ̀. Nígbà mìíràn eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, ìbátan ọyẹ́ tiwa, a máa bo ojú ọ̀run wọn. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè wọ inú kòtò bẹ́ẹ̀ lọ kórè. Ọwọ́ ènìyàn ni a fi ń gbẹ́ ẹ, ọwọ́ ni a fi ń kó eérú tí ó bá ya wọ inú rẹ̀, ọwọ́ náà ni a sì fi ń ká èso.

Orúkọ èso náà ni Malvasía Volcánica. Ọtí Kánárì tí ó lókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ jẹ́ ọtí dídùn, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ní Lanzarote nísinsin yìí kò ní adùn. Ẹni tí ó mọ emu yóò lóye ọ̀rọ̀ yìí. Emu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ ní òwúrọ̀ a máa dùn. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, adùn rẹ̀ a dínkù, agbára rẹ̀ a sì pọ̀, nítorí ìwúkàrà ti jẹ adùn náà, ó sì ti sọ ọ́ di ọtí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí omi àjàrà yìí ho títí adùn rẹ̀ yóò fi tán, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ó kan. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti koríko gbígbẹ. Òórùn òdòdó àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, bí iyọ̀ díẹ̀ a sì máa kù sí ahọ́n ẹni tí ó bá tọ́ ọ wò. Ilé-iṣẹ́ El Grifo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún 1775. Ní ọdún 1993 ni wọ́n fi òfin dáàbò bo orúkọ Lanzarote lára ìgò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ta ọtí ibòmíràn.

Wàyí o, kí ni ń ba iṣẹ́ yìí lẹ́rù? Oko tí kòtò gba ilẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í so púpọ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì wọ́n. Àwọn àlejò ń wọ́ lọ sí erékùṣù náà láti wo ilẹ̀ tí iná jó, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì sì pọ̀. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì a máa san owó ní ìparí oṣù, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Àwọn tí ó mọ kòtò í gbẹ́ ń darúgbó, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn kòtò kan sì wà tí afẹ́fẹ́ ti ń dí. Ní ọdún 2025, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé ka ọ̀nà ìdáko Lanzarote mọ́ àwọn ogún iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó ṣe iyebíye. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè kì í gbẹ́ kòtò, bẹ́ẹ̀ ni àlejò tí ó wá wòran kì í kó eérú.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin oníṣòwò bá rí ìgò ọtí yìí lórí pẹpẹ ọjà, tí ó sì ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, kí ó rántí igi kan nínú kòtò kan, àti ẹni kan tí ó sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Kí ó sì béèrè pé, nínú owó náà, èló ni ó dé ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ? Ní Lanzarote, iná ti kú, eérú sì ti bojú rẹ̀. Èyí tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, owó yẹn ni yóò sì sọ bóyá ọmọ yóò rọ́pò baba.