Ṣíṣọ́ Iná Lò Nínú Ilé: Àyẹ̀wò Láti Ìlú Ẹdẹ

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí a ṣe lè ṣọ́ iná lò nínú ilé, kí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ilé kọ̀ọ̀kan ń tú sí òfurufú lè dín kù. Ìlú Ẹdẹ ni a gbé àyẹ̀wò wa kà. Ọlọ́fà-iná ni oríkì Tìmì Àgbàlé tí ìtàn sọ pé ó tẹ ìlú náà dó, eré Ọba Kò So tí Dúró Ládípọ̀ kọ sì ti tan òkìkí rẹ̀ kálẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ọfà kọ́ ni a ní lọ́kàn níhìn-ín.

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á wo ọ̀rọ̀ náà, iná, fúnra rẹ̀. Yorùbá kò fún iná ààrò àti iná àtùpà ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí iná mànàmáná sì dé, orúkọ kan náà ni ó jẹ́. A ń dá iná, a ń tan iná, wọ́n sì ń mú iná lọ. Ní èrò tiwa, ọgbọ́n wà nínú èyí: ilé tí ó bá fẹ́ ṣírò ohun tí ó ń jó, gbogbo iná rẹ̀ ni kí ó ṣírò pọ̀. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́, pé kí á pa gílóòbù tí a kò lò, ìlú tí iná mànàmáná kì í lọ ni ó bá mu jù.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́rin, oní-wáàtì 60, tí a tàn fún wákàtí 5, yóò jẹ yúnìtì 1.2. Bí a bá fi gílóòbù LED oní-wáàtì 9 rọ́pò wọn, yúnìtì 0.18 péré ni. Omi Kàìnjì, Jẹ́bà àti Ṣíróró, pẹ̀lú gáàsì, ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà ohun tí a rí dín kù lálẹ́ kan kò ju nǹkan bí ìdajì kílò kábọ́ọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n líta epo bẹntiróòlù kan ṣoṣo a máa tú kílò 2.3. Ilé tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá jó líta 3 mọ́jú ti tú nǹkan bí kílò 7. Pípa gílóòbù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ké kò fi bẹ́ẹ̀ dín epo kù, nítorí ẹ̀rọ náà ń jẹ epo láti yí ara rẹ̀, bí ẹrù tí ó gbé tilẹ̀ fúyẹ́. Wákàtí tí a fi ń tàn án ni kí á gé. Bátìrì kékeré tí oòrùn ń fún ní agbára tó láti tan gílóòbù LED mẹ́rin náà. (Ó yani lẹ́nu pé Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ, ni ibùdó tí a ti ń darí wáyà iná gbogbo Nàìjíríà wà.)

Síbẹ̀, ìdí ààrò ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ooru tí igi ń mú jáde lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, nǹkan bí 10 sí 15 ni ó ń dé ara ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ni ó gbé ìyókù lọ. Àwọn ìyá wa mọ èyí láìka ìwé: wọn a fa igi sẹ́yìn nígbà tí ọbẹ̀ bá hó, wọn a fi eérú bo ẹyin iná di ọjọ́ kejì, wọn a dé ìkòkò, wọn a rẹ ẹ̀wà sómi kí ó tó dé orí iná. Kò sí èyí tí ó ń ná ni lówó nínú wọn.

Èédú ni ó ń tan ni jẹ. Ẹni tí ó ń fi í dáná nínú ìlú kò rí èéfín, nítorí inú igbó tí wọ́n ti sun ún ni èéfín náà kù sí, ní Òkè-Ògùn àti irú àgbègbè bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, kílò igi 5 ni wọ́n ń sun lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ kí wọ́n tó rí kílò èédú kan. Ohun tí ó ju ìdajì agbára igi náà lọ ti ṣòfò kí ó tó dé ọjà. Bí igi mìíràn kò bá sì hù rọ́pò èyí tí a gé, kábọ́ọ̀nù náà kò níbi tí yóò padà sí. Gáàsì pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni a ti wà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ju ìdajì ooru rẹ̀ lọ ni ó ń dé ara ìkòkò, kì í sì í fi èéfín ṣe alásè ní ibi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èéfín inú ilé ṣe okùnfà ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020.

Ta ni yóò jèrè ṣíṣọ́ iná lò? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà ìpele kìn-ín-ní fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225. Ẹni tí ó ní mítà tirẹ̀ yóò gbọ́ èdè náà. Ṣùgbọ́n nínú ilé àjùmọ̀gbé tí mítà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí a ń fi iye yàrá pín owó, aṣọ́nálò ni ó ń san gbèsè àpà. Ẹni tí a sì ń fún ní ìwé owó àfojúbù, ìbáà sùn nínú òkùnkùn, iye kan náà ni yóò san. A kò rí bí òfin ojú-ọjọ́ ti ọdún 2021 àti ìlérí ọdún 2060 ṣe lè wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé mítà kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Ní ti gáàsì, sìlíńdà ni ìdènà, nítorí a lè ra èédú oúnjẹ òní lónìí, ṣùgbọ́n a kì í ra ìdajì sìlíńdà. Èsúsú tí àwọn obìnrin ọjà ti ń dá lè gbé e, kí ẹni tí ó kàn fi ra tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ìjókòó yìí bá wa yẹ̀ wò ni èyí: bí gáàsì bá gbówó lérí lẹ́yìn tí sìlíńdà ti wọlé, ṣé alásè kò ní í padà sí ìdí igi, kí sìlíńdà sì di ìjókòó ọmọdé?